Ẹsẹ̀ Iwájú Alùpùpù: Ìtàn Irin Fífúyẹ́ láti Birmingham dé Yantala

Ní apá àríwá-ìwọ̀-oòrùn ìlú Niamey, tí í ṣe olú-ìlú orílẹ̀-èdè Niger, àdúgbò kan wà ní ẹ̀bá Odò Ọya tí à ń pè ní Yantala. Ọ̀nà tí ó lọ sí Tillabéri gba ibẹ̀ kọjá. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2000, nígbà tí n kò tíì pé ọmọ ogún ọdún, mo lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní àdúgbò yìí lọ́dọ̀ àbúrò bàbá mi. Bí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí ó ti inú ilé lọ ṣòwò ní àwọn ilẹ̀ tí ń sọ èdè Faransé, ẹ̀yà ara alùpùpù ni òun ń tà: ṣéènì, pístìnì, okùn búréèkì, gíláàsì iná. Bàbá kan tí ó jẹ́ ọmọ bíbí Ṣakí ni ó ní ṣọ́ọ̀bù tí ó kángun sí tirẹ̀. Bàbá yìí ní ẹ̀rọ léètì kan, èyí tí ń yí irin bírí-bírí kí ọ̀bẹ tí ó dúró sójú kan lè máa bó o bí ẹní bó ọsàn. Orí rẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí i tí a gbé ẹsẹ̀ iwájú alùpùpù sí, tí a sì ń bó o kí ó lè fúyẹ́, kí ó sì lè dára lójú.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi yóò béèrè pé kí ni ó kan ìwé ìròyìn èdè nínú ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ alùpùpù. Bí a bá lè kọ ìtàn bí a ṣe ń rọ ọkọ́ àti àdá, tí a sì ń kọ́ àwọn ọmọ wa pé ìṣẹ̀ǹbáyé ni, n kò rí ìdí tí a kò fi ní kọ ìtàn irin tí àwọn ọmọ kan náà ń gùn lọ sí ilé-ìwé lójoojúmọ́. Ó sì ní ohun mìíràn tí ó so ọkàn mi mọ́ ọ̀rọ̀ náà, tí n óò sọ kí n tó parí.

Àwọn òyìnbó tí ó kọ́kọ́ ṣe alùpùpù kò ṣe ju pé wọ́n gbé ẹ̀rọ sórí kẹ̀kẹ́ ológeere lọ. Ẹsẹ̀ iwájú kẹ̀kẹ́ ológeere le gbagidi, bí táyà bá sì já sí kòtò, ọwọ́ àti àyà ẹni tí ó gùn ún ni yóò gba gbogbo rẹ̀. Alfred Angas Scott, ará Yorkshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe alùpùpù kan ní ọdún 1908 tí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ ń wọlé tí ó sì ń yọ. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ fi ọdún pípẹ́ lo irúfẹ́ mìíràn, níbi tí a ti fi sípíríǹgì kan ṣoṣo sí abẹ́ orí alùpùpù, tí àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ sì so ó mọ́ táyà. Ní ọdún 1934, ilé-iṣẹ́ Nimbus ní Dẹ́nímáàkì mú ẹsẹ̀ tí ó jẹ́ irin oníhò tí ń wọ inú irin oníhò ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde. Ní ọdún 1935, ilé-iṣẹ́ BMW ní Jámánì fi ohun tí ó kù kún un lára alùpùpù wọn tí wọ́n pè ní R12 àti R17: wọ́n rọ òróró sínú ẹsẹ̀ náà.

Òróró yìí ni ọgbọ́n rẹ̀. Sípíríǹgì nìkan kò mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó sinmi. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, yóò ta sókè, yóò tún wálẹ̀, yóò tún ta sókè, títí agbára rẹ̀ yóò fi tán. Ṣùgbọ́n bí òróró bá wà níbẹ̀, tí a sì fi ihò tóóró sílẹ̀ fún un láti gbà kọjá, yóò mú sípíríǹgì náà lọ́rùn ọwọ́, yóò sì dá a dúró ní wọ́ọ́rọ́wọ́. Nígbà ogun àgbáyé kejì, ní ọdún 1941, ilé-iṣẹ́ Matchless ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi irú ẹsẹ̀ báyìí sí alùpùpù àwọn ọmọ ogun, lẹ́yìn ogun náà ó sì di ti gbogbo ayé. Ẹ̀yin tí ẹ ń gun ọ̀kadà lọ sí ọjà, ẹ wo iwájú rẹ̀ dáadáa: irin dídán tí ó wà lókè, èyí tí ń wọ inú òkè-ẹsẹ̀ tí ó nípọn nísàlẹ̀, kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti ọdún 1935. Àwọn mẹkáníìkì wa ń pè é ní ṣọ́ọ̀kì iwájú.

Eré ìje orí òkìtì àti ẹrẹ̀ ni ó sọ ẹsẹ̀ yìí di ohun tí àwọn ènìyàn ń bó. Ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1924 ni ẹgbẹ́ alùpùpù kan ní Camberley, ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe irú eré bẹ́ẹ̀ àkọ́kọ́ tí ìtàn dárúkọ. Àwọn ará Faransé àti Bẹ́ljíọ̀mù gbà á lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì sọ ọ́ ní motocross. Ní ọdún 1952, àjọ FIM, tí ń ṣàkóso eré alùpùpù ní gbogbo ayé, dá ìdíje fún gbogbo Yúróòpù sílẹ̀. Ní ọdún 1957 ó di ti àgbáyé, Bill Nilsson ará Swídìn ni ó sì kọ́kọ́ gbà á. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè kan ti gbòde: kí ni a tún lè yọ kúrò lára alùpùpù yìí tí kò fi ní wó?

Kí a tó lọ síwájú, ó yẹ kí a mọ ìdí tí ìwúwo ẹsẹ̀ fi burú ju ìwúwo ibòmíràn lọ. Obìnrin tí ó ru ẹrù lórí lè rin máìlì mẹ́ta kí ó tó sọ pé ó rẹ òun. Ẹ mú díẹ̀ nínú ẹrù náà, kí ẹ dè é mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ ó sì rí i pé yóò tètè rẹ̀ ẹ́ ju bí ìwúwo kan náà ṣe lè rẹ̀ ẹ́ lórí lọ. Bákan náà ni alùpùpù rí. Ara rẹ̀ tí ó wà lókè sípíríǹgì jẹ́ ẹrù orí. Táyà, búréèkì àti ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ iwájú jẹ́ ẹrù ọrùn ẹsẹ̀. Bí táyà bá kọlu òkìtì, gbogbo ohun tí ó wà nísàlẹ̀ sípíríǹgì ni ó ní láti fò sókè kí ó sì tún padà wálẹ̀ kí òkìtì kejì tó dé. Èyí tí ó bá wúwo kò ní tètè padà, táyà yóò sì wà lójú òfuurufú nígbà tí ó yẹ kí ó di ilẹ̀ mú. Ẹni tí táyà iwájú rẹ̀ kò bá sí nílẹ̀ kò lè yà sí ọ̀tún tàbí sí òsì.

Mo gbé ní Birmingham fún ọdún méjì nígbà tí mo lọ gba oyè nínú ẹ̀kọ́ ìmọ̀ olùkọ́ ní Yunifásítì ìlú náà, kò sì sí bí a ṣe lè gbé ibẹ̀ kí a má gbọ́ nípa BSA. Iṣẹ́ ìbọn ni a fi dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ọdún 1861, àwọn lẹ́tà mẹ́ta náà sì dúró fún ìbọn kéékèèké ti Birmingham. Alùpùpù BSA ni Jeff Smith gùn nígbà tí ó gba ìdíje àgbáyé ti 500 ní ọdún 1964 àti 1965. Alùpùpù rẹ̀ fúyẹ́ ju ti àwọn tí ó bá a díje lọ, ilé-iṣẹ́ náà sì rò pé bí fífúyẹ́ bá ti fún wọn ní adé méjì, fífúyẹ́ sí i yóò fún wọn ní ẹ̀kẹta. Ní ọdún 1966 wọ́n fi titanium ṣe egungun ara alùpùpù náà. Irin yìí wọ́n gan-an ni, sẹ̀ǹtímítà oníhà mẹ́ta kan rẹ̀ sì wúwo tó gíráàmù mẹ́rin ààbọ̀, nígbà tí ti irin lásán fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́jọ. Ṣùgbọ́n ó ń tẹ̀ lábẹ́ Smith bí ọ̀pá oparun. Èyí tí ó burú jù ni pé, bí ó bá sán, kò sí wẹ́dà tí ó lè jó o pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ pápá, nítorí pé titanium kò gbọdọ̀ fara kan afẹ́fẹ́ nígbà tí ó bá gbóná. Inú afẹ́fẹ́ àkànṣe ni a ti ń jó o. Paul Friedrichs, ará Jámánì ìlà-oòrùn, tí ó gun CZ tí a ṣe ní Czechoslovakia, ni ó gba adé ọdún náà. BSA kò tún gbà á mọ́. Ní ọdún 1973 ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ṣubú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀ràn ìyẹn ju ti egungun alùpùpù kan lọ.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Rickman, Derek àti Don, wà ní New Milton. Àwọn ni ó kọ́kọ́ mú ẹwà wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ń ra ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ kan, wọn a fi egungun tí àwọn fúnra wọn ṣe gbé e, wọn a sì fi nickel pa egungun náà tí yóò fi máa dán bí dígí. Métisse ni wọ́n pe alùpùpù wọn, ọ̀rọ̀ Faransé tí ó túmọ̀ sí ọmọ àdàlù. Ẹsẹ̀ iwájú tí àwọn ènìyàn wá ń wá kiri ní àwọn ọdún 1960 ni èyí tí Ceriani ń ṣe ní Ítálì, tí òkè-ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ alumíníọ̀mù. Nígbà tí Yamaha ti Japáànì mú DT-1 jáde ní ọdún 1968, irú ẹsẹ̀ Ceriani ni wọ́n tẹ̀ lé. DT yìí ni bàbá ńlá àwọn DT 125 tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àti ti oko gùn kiri ìgbèríko Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ohun tí mo rí lórí léètì ní Yantala nìyẹn: ọmọ-ọmọ Ceriani.

Àwọn ará Japáànì ni ó gbé eré fífúyẹ́ dé ògógóró rẹ̀. Suzuki kó irin olówó gegere jọ, magnesium àti titanium, wọ́n sì ṣe alùpùpù kan fún Joël Robert ará Bẹ́ljíọ̀mù, tí ó fi gba ìdíje 250 ní ọdún 1970, 1971 àti 1972. Ọmọ ilẹ̀ rẹ̀, Roger De Coster, gba ti 500 ní ìgbà márùn-ún láàárín ọdún 1971 sí 1976. Alùpùpù Suzuki fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn yòókù fi ké gbàjarè, nígbà tí ó sì di ọdún 1973, FIM ṣe òfin pé alùpùpù kankan kò gbọdọ̀ fúyẹ́ ju ìwọ̀n kan lọ. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó ti náwó rẹpẹtẹ láti yọ ìwúwo kúrò wá di ẹni tí ń wá ibi tí wọn yóò tún ti gbé ìwúwo sí. Mo ti rí irú rẹ̀ ní ilé-ìwé wa pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibí ni n óò ti sọ ọ́.

Ní ọdún 1973 yìí kan náà ni Håkan Andersson ará Swídìn fi Yamaha gba ìdíje 250. Ṣọ́ọ̀kì kan ṣoṣo ni alùpùpù rẹ̀ ní lẹ́yìn, èyí tí Lucien Tilkens ará Bẹ́ljíọ̀mù gbèrò rẹ̀, táyà ẹ̀yìn sì lè wọlé kí ó sì yọ jìnnà ju ti gbogbo àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ lọ. Láàárín ọdún díẹ̀, ẹsẹ̀ iwájú náà ní láti gùn bá ti ẹ̀yìn: èyí tí ó ń wọlé ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà méjìdínlógún wá di ọgbọ̀n. Ẹsẹ̀ gígùn a máa tẹ̀, nítorí náà wọ́n ní láti sọ ọ́ di nínípọn, ìwúwo sì tún padà. Ní àwọn ọdún 1980 ni a rí ẹni tí ó dorí rẹ̀ kodò: ó gbé apá tí ó nípọn sókè sí ibi tí ó ti lágbára jù, ó sì gbé tẹ́ẹ́rẹ́ sísàlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ táyà. Títí di òní bẹ́ẹ̀ ni ti àwọn asáré rí.

Àwọn àgbààgbà tí ó fẹ́ràn alùpùpù ìgbà èwe wọn kò gba èyí. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ AHRMA ń ṣe ìje fún àwọn alùpùpù àtijọ́, wọ́n sì fi òfin dè wọ́n: ní ìpele ti àwọn tí ó dàgbà jù, ẹsẹ̀ iwájú kò gbọdọ̀ wọlé ju ínǹṣì méje lọ, ti ẹ̀yìn kò gbọdọ̀ ju mẹ́rin lọ. Níwọ̀n ìgbà tí ènìyàn kò lè fi kún gígùn, kí ni ó kù? Yóò gbé ẹsẹ̀ tí ó wà lórí rẹ̀ lọ sórí léètì. Yóò gé etí tí a fi ń gbé mọ́gáàdì irin, yóò gé ibi tí okùn máìlì ń gbà, yóò bó ojú alumíníọ̀mù tí ó rí gbágungbàgun láti inú ẹ̀rọ ìdà, yóò sì fi sáńpépà ha á títí yóò fi dán. Iṣẹ́ tí bàbá ará Ṣakí ń ṣe ní Yantala nìyẹn, láìjẹ́ pé ó gbọ́ orúkọ AHRMA rí.

Ẹ̀yin olùkọ́ ìṣirò, ẹ jẹ́ kí a wọn ohun tí a jèrè. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé òkè-ẹsẹ̀ alumíníọ̀mù kan fẹ̀ ní mìlímítà 50 láti etí kan dé èkejì, pé inú rẹ̀ fẹ̀ ní 40, àti pé ibi tí a lè bó lára rẹ̀ gùn ní 400. Bí a bá bó mìlímítà kan péré yíká, ohun tí yóò jábọ́ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà oníhà mẹ́ta 61 àti díẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà oníhà mẹ́ta kan alumíníọ̀mù wúwo ní gíráàmù 2.7. Nítorí náà gíráàmù 166 ni a yọ, tí ẹsẹ̀ méjèèjì sì jẹ́ 332, ìwọ̀n ìgò omi kékeré kan. Ó tó ìdá kan nínú márùn-ún ìwúwo ibi tí a bó. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò agbára tí irin náà fi ń kọ̀ láti tẹ̀, èyí tí ń tẹ̀ lé ìbú ìta × ìbú ìta × ìbú ìta × ìbú ìta, tí a yọ irú ti inú bẹ́ẹ̀ kúrò nínú rẹ̀: ẹ ó rí i pé ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ ti lọ. Agbára a máa yára lọ ju ìwúwo lọ. N kò mọ ìwé ìṣirò ilé-ìwé girama wa tí ó ní irú ìbéèrè yìí nínú. Mo fi í fún àwọn ọmọ kíláàsì kan nígbà tí mo lọ ṣe àbẹ̀wò, wọ́n sì jà sí i bí ẹni jà sí ẹran ọdún.

Níwọ̀n bí mo ti mẹ́nu ba ilé-ìwé, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan. Nígbà tí ìlànà ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní ọdún 1982, ìjọba ra ẹ̀rọ iṣẹ́ ọwọ́ láti òkè òkun fún àwọn ilé-ìwé girama, léètì sì wà nínú wọn. Mélòó nínú wọn ni kò jáde kúrò nínú àpótí pákó tí a kó wọn wá! Iná kò sí, olùkọ́ kò sí, yàrá kò sí. Lẹ́nu iṣẹ́ mi mo ti ṣí irú àpótí bẹ́ẹ̀ kan, gíríìsì tí wọ́n fi pa ẹ̀rọ náà ní ilé-iṣẹ́ ṣì wà lára rẹ̀, ó ti gan bí àtè. Ọmọ tí ó bá fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń bó irin kò ní ibi tí yóò lọ ju ọ̀dọ̀ irú bàbá Yantala lọ.

Bàbá náà kò lọ sí ilé-ìwé. Ṣakí ni ó ti kọ́ alumíníọ̀mù, nítorí pé kò sí ẹni tí kò mọ ìkòkò Ṣakí, èyí tí à ń yọ́ alumíníọ̀mù àlòkù láti fi dà nínú yẹ̀pẹ̀. Ó máa ń sọ fún wa pé alumíníọ̀mù ìkòkò àti alumíníọ̀mù ẹsẹ̀ alùpùpù kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà, òótọ́ ni ó sì sọ. Nínú ìdà ìkòkò, agolo, pístìnì àti férémù fèrèsé a máa dàpọ̀ mọ́ra, afẹ́fẹ́ a sì há sínú rẹ̀. Ó tó fún ọbẹ̀, kò tó fún òkìtì. Nígbà tí ẹnìkan gbé ẹsẹ̀ alùpùpù tí wọ́n tún dà ní ẹ̀yìn ilé kan wá fún un, ó fi òòlù kékeré lù ú, ó gbọ́ ìró rẹ̀, ó sì dá a padà.

Èyí ni bí nǹkan ti rí nígbà tí ìje Dakar dé Niamey. Ẹ óò rántí pé Thierry Sabine ará Faransé ni ó dá ìje náà sílẹ̀. Ó sọnù lórí alùpùpù rẹ̀ nínú aṣálẹ̀ ní ọdún 1977 nígbà ìje tí ó ti Abidjan lọ sí Nice. Kàkà kí ó sá fún aṣálẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n rí i, ńṣe ni ó fẹ́ kí gbogbo ayé wá wò ó. Ní ọjọ́ 26 oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1978, ọkọ̀ àti alùpùpù 182 gbéra ní Paris, àwọn 74 péré ni ó dé Dakar ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e. Cyril Neveu ni ó borí lórí Yamaha XT500. Àwọn ìje náà a máa la Agadez àti aṣálẹ̀ Ténéré ní Niger kọjá, Yamaha sì fi orúkọ Ténéré yìí sọ alùpùpù kan ní ọdún 1983. Ní ọjọ́ 14 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1986, hẹlikọ́pítà tí Sabine wà nínú rẹ̀ já lulẹ̀ ní Gourma-Rharous ní Málì, òun àti àwọn mẹ́rin sì kú, olórin Daniel Balavoine wà lára wọn. Ténéré ni wọ́n da eérú ara rẹ̀ sí. Àwọn tí ó bá lọ sí Niamey lè rí ohun mìíràn láti Ténéré: igi àdágbé tí ó dá dúró nínú aṣálẹ̀ náà, tí awakọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù kan kọlù ní ọdún 1973, kùkùté rẹ̀ wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú náà. Nínú gbogbo aṣálẹ̀ tí kò sí igi kan mìíràn, igi kan ṣoṣo yẹn ni ọkọ̀ náà rí kọlù!

Ìje ti ọdún 2000 gbéra ní Dakar ní ọjọ́ 6 oṣù Ṣẹ́rẹ́, ó ń lọ sí Cairo. Ó dé Niamey, kò sì lè kọjá, nítorí ìròyìn pé àwọn jàǹdùkú ń dènà dè é níwájú. Àwọn ọkọ̀ òfuurufú ràgàjì ti Antonov 124 ni ó wá kó ènìyàn, ọkọ̀ àti alùpùpù lọ sí Sabha ní Líbíà. Títí wọ́n fi kó gbogbo wọn tán, ojú àwa ọ̀dọ́ Yantala kò kúrò ní ọ̀dọ̀ wọn. Ọmọ àbúrò bàbá mi, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún nígbà náà, ní DT 125 àlòkù kan. Ó rí ẹsẹ̀ iwájú àwọn asáré náà, tẹ́ẹ́rẹ́ nísàlẹ̀, tí ó ń dán, láìsí etí tàbí ìkókó kankan lára rẹ̀. Kò mọ̀ pé èyí tí a dorí rẹ̀ kodò ni. Èmi náà kò mọ̀.

Ó gbé DT rẹ̀ lọ bá bàbá ará Ṣakí. Bàbá gé etí mọ́gáàdì, ó bó òkè, ó bó ààrin. Ó fi ibi tí síìlì òróró ń jókòó sílẹ̀, ó fi ibi tí ó di irin àárín táyà mú sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dúró.

"Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi gé èyí náà," ni àbúrò mi wí. Ó ń tọ́ka sí ìkókó kékeré kan ní ẹ̀gbẹ́ inú ẹsẹ̀ náà.

"Ọmọ mi, ìyẹn ń ṣiṣẹ́. Ohun tí kò bá ṣiṣẹ́ ni mo lè bó."

Iṣẹ́ tí ìkókó náà ń ṣe rèé. Búréèkì DT wà nínú àgbá táyà. Nígbà tí a bá fún un, àwo búréèkì fẹ́ bá táyà yí; ìkókó yìí ni ó wọ inú àlàfo ara àwo náà, tí ó sì sọ fún un pé kò gbọdọ̀ yí. Bí kò bá sí i, búréèkì kò ní ohun tí yóò fi ẹ̀yìn tì. Bàbá kò ṣàlàyé gbogbo èyí fún wa. Bóyá ó rò pé a mọ̀, bóyá ó rò pé ọ̀rọ̀ àgbà tó. Àbúrò mi bínú jáde. Ó sọ fún mi pé òun ti rí ẹlòmíràn tí yóò ṣe é ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta sẹ́fà, ṣùgbọ́n òun kò ní owó lọ́wọ́. Èmi ni mo fún un ní owó náà. Ó wù mí pé kí ó dán, kí n lè gùn ún yí àdúgbò ká kí n tó padà sí ilé.

Ẹni náà kò gé ìkókó náà tán. Ó fi fáìlì rẹ́ ẹ títí ó fi tinrin, ó sì pa á rẹ́ mọ́ ara ẹsẹ̀ náà ní mèremère. Ní ọjọ́ kẹrin, ní ọ̀nà Tillabéri, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan sọdá, àbúrò mi sì fún búréèkì iwájú. Ìkókó náà ṣẹ́. Àwo búréèkì yí, ó wé okùn rẹ̀ mọ́ra, táyà iwájú dúró gbọnyin, alùpùpù sì gbé e sọ sí òkè orí ara rẹ̀. Ìgbọ̀nwọ́ òsì rẹ̀ fọ́. Apá náà kò nà tán mọ́ títí di òní.

Mo padà sí Ìbàdàn ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e. N kò sọ fún àbúrò bàbá mi pé èmi ni mo san owó. Mo kàwé jáde, mo lọ sí Birmingham, mo gba iṣẹ́ alábẹ̀wò ilé-ìwé, n kò sọ. Nígbà tí mo tún dé Yantala ní ọdún 2019, ìje Dakar ti kúrò ní Áfíríkà fún ọdún mẹ́wàá. Wọ́n ti wọ́gi lé ti ọdún 2008 lẹ́yìn tí wọ́n pa àwọn ará Faransé mẹ́rin ní Mọriténíà, wọ́n sì ti gbé e lọ sí Gúúsù Amẹ́ríkà. Mo kúnlẹ̀ níwájú àbúrò bàbá mi, mo sì jẹ́wọ́. Ó ní kí n dìde. Ó ní ọmọ náà ti sọ fún òun ní ọjọ́ kejì tí ó ṣubú, òun sì ń retí ìgbà tí èmi yóò sọ ọ́ fúnra mi.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù léètì. Bàbá ará Ṣakí ti kú, ọmọ rẹ̀ ni ó wà lẹ́nu ẹ̀rọ náà, àwọn ọmọ iṣẹ́ méjì sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ iwájú DT náà ń rọ̀ ní ara ògiri lórí ìṣó. Bàbá ni ó lọ rà á padà lọ́wọ́ àbúrò mi. Mo bẹ ọmọ rẹ̀ pé kí ó tà á fún mi, kí n lè máa mú un káàkiri àwọn ilé-ìwé. Ó ní rárá, pé àwọn ń lò ó: ọmọ iṣẹ́ tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kí ó tó fọwọ́ kan léètì, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń mú lọ sí ibi tí ó ti ṣẹ́. Ó gbé e sọ̀kalẹ̀ fún mi. Mo fi àtàǹpàkò mi kàn án. Kò nípọn ju èèpo ẹyin méjì lọ.